Ẹ Bi Àǹtí Léèrè: Ọmọ mi fẹ́ ka human services ní Maryland, ṣé kí n ta ilẹ̀ Ìmọ̀ta ni?

ÌBÉÈRÈ

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtamágà níbí ní Ìkòròdú ni mo ń gbé, àǹkárá ni mo ń tà ní Sábó. Ọmọ mi obìnrin, Tọ́bi, ti wà lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀ ní Maryland láti bí ọdún mẹ́ta, ó ti ní green card, ilé táwọn arúgbó ń gbé ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń fún wọn lóúnjẹ. Ọmọ ọdún 22 ni. Lóṣù tó kọjá ló pè mí lórí WhatsApp pé òun ti rí ilé-ìwé, kọ̀múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí ò jìnnà sílé wọn, pé human services, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ríran àwọn tó níṣòro lọ́wọ́, lòun fẹ́ kà, ọdún méjì. Inú mi dùn, àmọ́ àbúrò bàbá ẹ̀ tó wà ní Houston ní kí n má gbà, pé kì í ṣe ìwé gidi, pé àwọn tí ò lè ka nọ́ọ̀sì ló ń kà á. Bàbá ẹ̀ ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ní ohun tí mo bá ti sọ náà ni. Mo ní púlọ́ọ̀tì kan ní Ìmọ̀ta, oníbàárà ti wà nílẹ̀, mo wá ń rò ó pé kí n tà á kí n fi san owó ilé-ìwé fún un kó má baà lọ yá owó. Ẹ jọ̀ọ́ ma, báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá irú ìwé báyìí dáa tàbí kò dáa?
Ìyá Tọ́bi, Ìtamágà

ÌDÁHÙN

Ìyá Tọ́bi, ẹ kú ọjà, ẹ kú àfẹ́rí ọmọ. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dáhùn èyí tó ń já mi láyà jù nínú lẹ́tà yín: ẹ má tíì ta ilẹ̀ yẹn. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó ṣe sùúrù.

Ìdí ni pé ọmọ tó ti ní green card ò sí lójú kan náà pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gba físà láti ibí lọ kàwé. Ìjọba Amẹ́ríkà ní fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní FAFSA, ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kún un, ẹni tó bá sì ní green card lẹ́tọ̀ọ́ láti kún un bíi ti ọmọ onílẹ̀. Ibẹ̀ ni Pell Grant ti ń jáde, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè, ẹnikẹ́ni ò ní ní kó san án padà àyàfi tó bá lọ já ilé-ìwé sílẹ̀ láàárín sáà. Fún ọdún ẹ̀kọ́ 2025 sí 2026, èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n lè fún èèyàn kan lọ́dún ni dọ́là 7,395. Mi ò ní Tọ́bi máa gba gbogbo ẹ̀ o, torí pé kò tíì pé ọdún 24, tí kò sì tíì lọ́kọ, owó tí òbí ń gbà ni wọ́n máa wò láti fi pinnu, ìyẹn ni pé bàbá ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó tì í kó kó àwọn ìwé owó-orí jáde. Nǹkan tí bàbá ẹ̀ ní láti ṣe nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi sọ fún un pé “ohun tí o bá sọ náà ni” ò tó, ọ̀rọ̀ ọmọ lèyí.

Èkejì, ní Maryland, owó táwọn kọ̀múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà ní ipele ipele: ẹni tó ń gbé ní county (ẹ rò ó bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí ilé-ìwé wà ló ń san èyí tó kéré jù, ẹni tó wá láti county míì ń san jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ti ìpínlẹ̀ míì wá ló ń san èyí tó ga jù. Ẹ ní Tọ́bi sunmọ́ ilé-ìwé náà, ìyẹn dáa, àmọ́ sísúnmọ́ kọ́ ni wọ́n ń wò, county ni. Èèyàn lè máa gbé òdìkejì títì kó sì wà ní county ọ̀tọ̀. Kó bèèrè lọ́wọ́ wọn, kó sì gba ìdáhùn lórí ìwé, kó tó di pé ẹnikẹ́ni ń ta ilẹ̀.

Ó kú ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá ẹ̀.

Kọ̀múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ilé lẹ́sìn táwọn ọmọ ń lọ lẹ́yìn ilé-ìwé. Láti 1901 ni èyí àkọ́kọ́ ti wà, Joliet Junior College ní Illinois, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, ìjọba ló sì ń gbọ́ bùkátà irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀. Fún àwa ará Ìkòròdú, ẹ rò ó bí OND táwọn ọmọ Laspotech máa ń ṣe kí Poly yẹn tó di yunifásítì LASUSTECH lọ́dún 2022: ọdún méjì, kírẹ́díìtì (bíi yúníìtì kọ́ọ̀sì tiwa) bí 60, lẹ́yìn náà o lè gba ibi iṣẹ́ lọ, o sì lè lọ fi ọdún méjì míì parí dìgírì ní yunifásítì. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìwé ọlọ́dún méjì yẹn ni associate degree. Human services fúnra ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń dúró láàárín ẹni tí ìṣòro bá àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà: àgbàlagbà tí ò lẹ́nìkan, ọmọ tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ òbí tó ń fìyà jẹ ẹ́, ẹni tí oògùn olóró ti gbé dè, obìnrin tọ́kọ lù tó sá jáde lóru. Wọ́n á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò láì dójú tì í, bí wọ́n ṣe ń kọ ìròyìn, bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kan láti ọ́fíìsì kan dé èkejì títí á fi yanjú, àti àwọn òfin àṣírí. Ẹni tó ti ń wẹ̀ fún arúgbó fún ọdún mẹ́ta tó sì ṣì fẹ́ máa bá èèyàn ṣe, tó ní òun fẹ́ kàwé lé e, mi ò mọ ẹni tó tún yẹ kó kà á ju òun lọ.

Àmọ́ mi ò ní tan yín jẹ, Ìyá Tọ́bi. Bó bá jẹ́ owó ni àbúrò bàbá ẹ̀ ń sọ, òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ka owó iṣẹ́ sọ pé lọ́dún 2023, ẹni tó wà láàárín gbùngbùn nínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ human services ń gba nǹkan bí dọ́là 41,410 lọ́dún, nọ́ọ̀sì tó wà láàárín tiwọn ń gba 86,070. Ìlọ́po méjì ni. Ohun tó wá dùn mí jù nínú ìwé wọn ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì sábà máa ń rí iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn wọlé. Ìyẹn ni pé tí Tọ́bi bá fi ọdún méjì ka ìwé yìí tí ìwé náà ò sì gbé e dé ibì kankan ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, a ti fi ọdún méjì ọmọ ṣòfò. Àwọn sóṣà wọ́kà, ẹni tó wà láàárín tiwọn ń gba 58,380 lọ́dún 2023 yẹn kan náà, àmọ́ dìgírì kíkún ló ń sọ èèyàn di sóṣà wọ́kà, kì í ṣe ìwé ọlọ́dún méjì. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi ọmọ yín lórí fóònù kọ́ ni “ṣé ilé-ìwé náà dáa?” Ẹ bi í pé: níbo ni ìwé yìí máa gbé ẹ dé, ta ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé á gbé ẹ débẹ̀?

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Irú ìwé yìí gan-an lèmi náà kà, ní ìpínlẹ̀ míì, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí mi ò ní dárúkọ. Àwọn olùkọ́ wa dáa, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Kírẹ́díìtì 64 ni mo ní nígbà tí mo jáde, mo gba A nínú èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, mo wá gbé ìwé mi lọ sí yunifásítì pé mo fẹ́ parí dìgírì sóṣà wọ́kì. Obìnrin tó jókòó níwájú mi fa ìwé mi sọ́dọ̀, ó mú rúlà, ó mú báírò pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Case management, ó fà á. Group work, ó fà á. Gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo fi òru kà lẹ́yìn tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń fi rúlà tọ́ ọ kó má baà wọ́, ìlà náà sì gún régé. Ó ní kì í ṣe pé kò dáa o, ó ní àwa níbí ò ní èyí tó bá a mu. Nínú 64, 37 ló kù. Mo jókòó sínú bọ́ọ̀sì, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀, mi ò mọ̀. Bí ọdún kan gbáko ni mo fi dí ohun tí mo ti kà tẹ́lẹ̀, tí mo sì tún fi owó san án lẹ́ẹ̀kejì. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, wọn ò kàn sọ ni, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n bèèrè, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ibi tí wàhálà yẹn ti ń wá rèé. Ìwé associate ò jẹ́ oríṣi kan. Èyí tí wọ́n kọ AA tàbí AS sí lára, àtilẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é fún ẹni tó ń lọ sí yunifásítì lẹ́yìn ẹ̀. Èyí tó jẹ́ AAS, wọ́n ṣe é fún ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ wọ iṣẹ́ lọ tààrà, kọ́ọ̀sì tó jẹ mọ́ iṣẹ́ náà gan-an ló pọ̀ nínú ẹ̀, yunifásítì púpọ̀ ò sì ń gba gbogbo ẹ̀ wọlé. AAS lèmi kà. Human services wà ní oríṣi méjèèjì, kọ́lẹ́ẹ̀jì sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, ẹ lè rí ilé-ìwé kan tó tiẹ̀ ní méjèèjì papọ̀ tí orúkọ wọn jọra. Kí Tọ́bi wo lẹ́tà yẹn kó tó wo ohunkóhun míì, kó ya fọ́tò ojú ewé yẹn ránṣẹ́ sí yín, tó bá jẹ́ AAS kó bi wọ́n tààrà pé nínú kírẹ́díìtì 60 yìí, mélòó ló máa bá mi lọ.

Kó sì má bi kọ́lẹ́ẹ̀jì nìkan. Kó bi yunifásítì tó ń lọ. Ní Maryland níbẹ̀, Bowie State àti Morgan State ní dìgírì sóṣà wọ́kì tí CSWE fọwọ́ sí, CSWE yìí làwọn tó ń yẹ ẹ̀kọ́ sóṣà wọ́kì wò ní gbogbo Amẹ́ríkà, ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni Maryland sì máa wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní láísẹ́ńsì sóṣà wọ́kà. Ẹ fi etí sí èyí dáadáa torí pé ó máa ń rú èèyàn lójú: CSWE kì í fọwọ́ sí ìwé ọlọ́dún méjì rárá, dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin lọ sókè ni wọ́n ń wò. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bá sọ fún Tọ́bi pé tó bá parí níbí á ti di sóṣà wọ́kà tó ní láísẹ́ńsì, kó dìde kó máa lọ. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe máa ń ní àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ pẹ̀lú yunifásítì, articulation agreement ni wọ́n ń pè é, ó máa ń sọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan pé èyí dípò èyí. Kí Tọ́bi ní òun fẹ́ rí i, kó wo ọdún tí wọ́n kọ síbẹ̀, torí pé àdéhùn máa ń gbó. Maryland tún ní ibì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní ARTSYS, ibẹ̀ lèèyàn ti lè tẹ orúkọ kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì kí wọ́n fi èyí tó máa jẹ́ ní yunifásítì hàn án. Tírú ẹ̀ bá wà fún mi nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ mi ì bá yàtọ̀.

Nípa accreditation, ìyẹn ìfọwọ́sí pé ilé-ìwé tàbí ẹ̀kọ́ kan kájú ìwọ̀n, méjì ló wà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pò ó pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ ti ilé-ìwé lódindi ni dandan: ní agbègbè Maryland, àjọ kan tí wọ́n ń pè ní Middle States ló pọ̀ jù tó ń ṣe é. Láìsí i, kò sí Pell, yunifásítì ò sì ní wo ìwé ọmọ yín lójú. Ìjọba Amẹ́ríkà ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní DAPIP, ẹ̀yin fúnra yín lè ní kí ọmọ àdúgbò bá yín tẹ orúkọ ilé-ìwé náà síbẹ̀ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí ní Sábó, kò gba kọ́bọ̀. Èyí kejì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ human services fúnra ẹ̀, CSHSE lorúkọ àwọn tó ń ṣe é, wọ́n ti wà láti 1979. Ìyẹn kì í ṣe dandan. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tó dáa ò ní i torí ó máa ń náni lówó àti àkókò. Àmọ́ òfin tí wọ́n fi ń wọn ilé-ìwé wúlò fún yín bí ilé-ìwé Tọ́bi ò bá tiẹ̀ sí lára wọn, pàápàá èyí tó sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún méjì gbọ́dọ̀ lo ó kéré tán wákàtí 250 níbi iṣẹ́ gidi pẹ̀lú ẹni tó ń mójú tó o, kó tó gba ìwé jáde. Ọ̀rọ̀ wákàtí yẹn ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀.

Bí IT táwọn ọmọ Poly máa ń ṣe náà ni, practicum ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀kọ́ yìí wà, ìwé tó kù kàn ń múra èèyàn sílẹ̀ fún un ni. Ibi tí mo ti ṣe tèmi, ilé táwọn tí ò nílé máa ń sùn sí ni. Bàbá àgbà kan dé lọ́jọ́ kan, ó kọ̀ láti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo ti jókòó síwájú ẹ̀, tábìlì wà láàárín wa, mo na báírò sí i lẹ́ẹ̀mẹta, mo ṣàlàyé, mo tún un ṣàlàyé, bàbá ń wo ìwé náà kò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá tó ń mójú tó mi wọlé, kò bá mi wí, ó kàn gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá, ó jókòó, ó bi í pé ṣé ẹ ti jẹun. Lẹ́yìn tí bàbá jẹun tán ló rọra gba fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ ẹ̀ ó yí i padà, torí pé orí ìwé ló wà nísàlẹ̀ láti bí ààbọ̀ wákàtí, èmi ò sì rí i. Ó wá ń kà á sókè bí ẹni ń kà á fún ara ẹ̀. Bàbá fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jókòó síwájú ẹnikẹ́ni mọ́ tó bá wá bá mi fún ìrànlọ́wọ́, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, títí kan àwọn tó ń wá bá mi nílé níbí ní Ìgbógbó. Kò sí kíláàsì tó lè kọ́ mi níyẹn.

Torí náà kí Tọ́bi bi wọ́n: wákàtí mélòó? Ṣé ilé-ìwé ló ń wá ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ á ti ṣe é àbí wọ́n á ní kó lọ wá a fúnra ẹ̀? Ta ló ń wá wò ó níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ní sáà kan? Àti èyí tó kan òun gan-an torí pé ó ń ṣiṣẹ́: ṣé ààyè wà fún ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ Sátidé, àbí ọ̀sán nìkan ni? Mo mọ ọmọ tó ka ìwé yìí dé ìparí tí kò lè ṣe practicum torí pé ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹ̀ ò yọ̀ǹda ẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì dá dúró síbẹ̀ ọdún méjì. Àwọn ibi yẹn tún máa ń wo ìtàn èèyàn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó gbà á, wọ́n á gba ìtẹ̀ka ẹ̀, tó bá ní nǹkan kan nílẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, kó tètè bèèrè kó tó san owó. Tí wọ́n bá dá a lóhùn gbogbo èyí láì wá nǹkan kan wò, tí ẹni tó ń mójú tó practicum wà níbẹ̀ tó lórúkọ tó ní ọ́fíìsì, ọkàn mi á balẹ̀. Tí wọ́n bá ní “a máa rí i tó bá dìgbà yẹn”, ọkàn mi ò ní balẹ̀ o.

Ó tún lè wo iye ọmọ tó ń parí. Ìjọba ní College Navigator, ọ̀fẹ́ ni òun náà, á fi hàn yín iye tó parí àti iye tó ti ibẹ̀ lọ ilé-ìwé míì láì tíì parí. Kẹ́rù má bà yín tó bá kéré. Àwọn tó wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ń kà á ní fúútáìmù ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò yẹn, ọdún mẹ́ta sì ni wọ́n fún wọn láti fi parí ìwé ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ kẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ kọ̀múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń ṣiṣẹ́ tó sì ń tọ́mọ, kọ́ọ̀sì méjì méjì ni wọ́n ń mú. Fi ilé-ìwé náà wé kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní county kejì ni, má fi wé yunifásítì ńlá.

Lákòótán lórí tiyín, kí Tọ́bi bẹ̀ wọ́n kó lọ jókòó sí kíláàsì kan lọ́jọ́ kan, wọ́n sábà máa ń gbà. Kó wo bóyá olùkọ́ náà ti ṣe iṣẹ́ yìí rí àbí inú ìwé ló ti ń kà á jáde. Kó bá àwọn ọmọ tó ń jáde lọ́dún yìí sọ̀rọ̀ níta, kó bi wọ́n ibi tí wọ́n ń lọ. Tí ìdáhùn bá dáa, ẹ jẹ́ kó lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún àbúrò bàbá ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ lórí owó, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ní kí ọmọ mú èyí tó máa gbé e dé dìgírì. Ilẹ̀ Ìmọ̀ta, tó bá dìgbà tó fẹ́ wọ yunifásítì tí owó ò bá tó, ẹ lè wá rò ó nígbà yẹn.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ìjẹ̀dé ni mo ń gbé, ilé táwọn ọmọ aláìlóbìí wà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ajẹ́ǹtì kan ní òun lè bá mi gba associate degree human services láti Amẹ́ríkà, onláìnì ni, oṣù mẹ́fà, pé mi ò ní kúrò ní Ìkòròdú, pé iṣẹ́ tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa fi ka kírẹ́díìtì fún mi. Ó ti gba owó fọ́ọ̀mù.
Akéde ọmọ, Ìjẹ̀dé

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, má san owó kejì. Ronú sí i: kírẹ́díìtì kan tó nǹkan bí wákàtí 15 ní kíláàsì, láì ka iṣẹ́ ilé tó máa ń tó ìlọ́po méjì ẹ̀. Ọgọ́ta irú ẹ̀ ò lè wọ inú oṣù mẹ́fà ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan máa ń fún èèyàn ní kírẹ́díìtì díẹ̀ fún ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo ìwé. Bi ajẹ́ǹtì yẹn orúkọ ilé-ìwé náà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an, lọ tẹ̀ ẹ́ sí DAPIP tí mo sọ fún Ìyá Tọ́bi lókè. Tí kò bá sí níbẹ̀, ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún tita ni. Tó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, bi wọ́n pé níbo lo ti máa ṣe practicum ní Nàìjíríà, ta ló máa mójú tó ẹ.

Ohun tí mo rí nínú lẹ́tà ẹ ni pé o nífẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ yẹn, ìwé lo kàn ń wá láti fi tì í lẹ́yìn. Ó wà nílé. UNILAG ní ẹ̀ka sóṣà wọ́kì, UI ní, Nsukka náà ní. Federal School of Social Work sì wà ní Emene ní Ẹ̀nugù. Ìbéèrè kan náà ni kó o bi wọ́n: ta ló fọwọ́ sí i, NUC fún yunifásítì, NBTE fún Poly, oṣù mélòó ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lójú pápá, níbo ló ń gbé èèyàn dé. Èyí tó bá wà lábẹ́ ojú ẹ lo lè gun bọ́ọ̀sì lọ wò fúnra ẹ.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàárọ̀ ma. Àbúrò mi wà ní New Jersey pẹ̀lú ìwé ìgbélùú, kò ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò ní WAEC. Ṣé kọ̀múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì máa gbà á fún human services?
Ará Agric, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN

Ó ṣeé ṣe dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, wọn kì í fi ìṣirò WAEC dènà bí àwọn yunifásítì tiwa. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé wọ́n máa ń yẹ èèyàn wò láti mọ ipele tó máa ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá sì fi í sí kíláàsì ìṣirò ti ìsàlẹ̀, á san owó ẹ̀ bí kọ́ọ̀sì tó kù, àmọ́ kò ní sí nínú 60 tó máa fi gba ìwé. Kó lo oṣù méjì láti fi kà á sílẹ̀ kó tó lọ ṣe ìdánwò yẹn, àwọn ilé-ìkàwé ìlú níbẹ̀ ní ìwé ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa fi yá a. Kó sì bèèrè bóyá statistics ni ẹ̀kọ́ tiẹ̀ ń béèrè fún dípò algebra, torí pé fún human services, statistics ló máa ń pọ̀ jù tí yunifásítì fẹ́ rí lẹ́yìnwá ọ̀la.